Bẹ́ǹṣì, páànù àti pátákó: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ìparí ọdún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni, ní abúlé ńlá kan lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Ilé tó pẹ́ jù níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé àtijọ́ kọ́ káàkiri nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955: ilé gígùn gbọọrọ, kíláàsì tó tò tẹ̀lé ara wọn, ògiri iwájú tí kò ga ju àyà ọmọdé lọ kí atẹ́gùn lè wọlé, páànù lórí, pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ mọ́ ògiri. Ògiri náà ṣì dúró digbí. Ohun tí ọwọ́ ọmọ àti omi òjò ń kàn lójoojúmọ́ ló ń bàjẹ́. Ìpàdé PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tó kẹ́yìn sáà kejì ló fẹnu kò pé kí iṣẹ́ mẹ́ta parí kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án: òrùlé tó ń jò, bẹ́ǹṣì àti tábìlì tó ń mì, àti pátákó tí ṣọ́ọ̀kì kò hàn lójú rẹ̀ mọ́.

Ayẹyẹ ìparí ọdún àti òjò ló pinnu èwo ló máa ṣáájú. Ìparí oṣù Keje ni sáà kẹta ń parí, òjò sì máa ń rọ̀ gan-an ní oṣù Kẹfà àti Keje. Tó bá di oṣù Kẹjọ, òjò á sinmi díẹ̀ kó tó tún padà ní Kẹsàn-án. Nítorí náà, òrùlé ló kọ́kọ́, ní ọjọ́ tí oòrùn bá yọ láàárín òjò méjì. Bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ ṣe tán ṣáájú ayẹyẹ, torí orí wọn ni àwọn òbí máa jókòó. Pátákó ló kẹ́yìn, nínú ìsinmi, nígbà tí kò sí ọmọ tó máa fọwọ́ kan ọ̀dà tútù.

A ò kọ iye owó síbí. Owó pákó kì í dúró lójú kan, kódà láàárín ìsọ̀ méjì tó kọjú síra wọn. Iye ohun èlò la kọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè mú un lọ bá ọlọ́jà tirẹ̀.

Òrùlé (ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà)

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nípa òrùlé ni pé omi kì í kán síbi tó ti wọlé. Á tọ pákó òrùlé lọ sọ́nà jínjìn, á sì wá já bọ́ sórí tábìlì tíṣà. Ẹni tó bá lọ ń lẹ páànù tó wà lókè ibi tí omi ń kán sí máa lẹ ọ̀pọ̀ ibi tí kò ní ihò. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán gangan, kí oòrùn mú. Ẹnì kan á gun àkàbà nínú kíláàsì, á gbójú sókè. Ihò tó bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á yọ níbẹ̀. Á ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gba ojú ihò náà jáde. Ẹni tó wà lórí òrùlé á rí ẹyọ ìgbálẹ̀ tó yọrí, á fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Kí ẹni tó wà lókè máa tẹ ojú ìlà ìṣó nìkan, torí abẹ́ rẹ̀ ni pákó wà, tàbí kó tẹ́ pákó gbọọrọ lélẹ̀ kó máa rìn lórí rẹ̀. Páànù tó ti gbó kò lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà láàárín pákó méjì.

Oríṣi ihò méjì la bá. Èyí tó pọ̀ jù ni ti ìṣó. Páànù ní òkè, ó ní kòtò. Inú kòtò ni omi ń gbà ṣàn. Ìṣó tí wọ́n bá kàn mọ́ inú kòtò máa jò lọ́jọ́ kan ṣáá, bó ti wù kí ọ̀dà pọ̀ tó lórí rẹ̀. Yíyọ la yọ gbogbo irú wọn. A gé páànù àlòkù ní ìnṣì 4 sí ìnṣì 4, a tẹ̀ ẹ́ kó bá ìgbì páànù mu, a fi kóòtà, ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò òrùlé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò, a sì wá kan ìṣó òrùlé tuntun mọ́ orí òkè tó sún mọ́ ọn, pẹ̀lú wọ́ṣà rọ́bà lábẹ́ orí ìṣó. Kí ìṣó fún wọ́ṣà mọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó. Tí ẹ bá lù ú títí wọ́ṣà fi ya, ihò tuntun lẹ ṣe yẹn.

Ihò ìpẹtà ni èkejì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, ẹ fi kóòtà kùn ún, ẹ tẹ́ aṣọ òwú àlòkù lé e nígbà tó ṣì tutù, ẹ tún fi kóòtà bò ó. Ó máa pẹ́ ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìpẹtà bá ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ pààrọ̀ páànù náà. Ìyà lásán ni lílẹ̀ ẹ́. Níbi tí a ti pààrọ̀, páànù òkè gun ti ìsàlẹ̀ ní ìnṣì 6, ẹ̀gbẹ́ sì gun ara wọn ní ìgbì kan àbọ̀.

Bẹ́ǹṣì àti tábìlì (àárín oṣù Kẹfà títí dé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ)

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibí náà sì ni owó ti máa ń ṣòfò. Tí bẹ́ǹṣì bá ti ń mì, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń ṣe ni kí wọ́n tún kan ìṣó kan sí i. Tó bá di sáà tó tẹ̀ lé e, ìṣó mẹ́ta ti wọ ojú kan ṣoṣo, igi ti là, wọ́n á ní bẹ́ǹṣì ti kú, wọ́n á dá a fún olóúnjẹ kó fi dáná. Bẹ́ẹ̀ igi ibẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Oríkèé rẹ̀ ló tú. Ọ̀pọ̀ nínú bẹ́ǹṣì àtijọ́ ilé ìwé yìí jẹ́ ìrókò àti àpá, igi tí ikán kì í fẹ́ràn. Èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jà lónìí, tí ẹ kò bá ṣọ́ra, arère ni: ó fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, kòkòrò sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú kí ọdún méjì tó pé. Àtúnṣe ìrókò àtijọ́ sàn ju arère tuntun lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Kí ló ń tú oríkèé? Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Á máa fi ẹsẹ̀ jù, á máa ti ara rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, bẹ́ǹṣì á máa bá a mì. Ìṣó ò ní ohun méjì tó fi di igi mú ju fífún lọ. Gbogbo ìgbà tí bẹ́ǹṣì bá mì, ihò ìṣó á fẹ̀ sí i. Bẹ́ǹṣì náà sì jẹ́ igun mẹ́rin, kò sí igi kankan tó dagun láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn tó ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ fì lọ sí abẹ́ ìjókòó, tó máa sọ pé kó má yẹ̀. Nítorí náà, àtúnṣe tó bá lẹ oríkèé láìwo gíga ìjókòó, láìfi igi adagun sí i, ọdún kan ló máa lò.

Gíga tí a tẹ̀ lé rèé. Fún kíláàsì kìíní àti ìkejì, ìjókòó jẹ́ ìnṣì 12, tábìlì ìnṣì 21. Fún ìkẹta àti ìkẹrin, 14 àti 23. Fún ìkarùn-ún àti ìkẹfà, 15 àti 25. Ẹ ò nílò ju èyí lọ. Nígbà tí a wọn bẹ́ǹṣì tó wà nílẹ̀, ìnṣì 15 sókè ni gbogbo wọn, títí dé ti kíláàsì kìíní.

Ohun tó wá gbà wá lọ́wọ́ ìnáwó ni pé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni igi máa ń kọ́kọ́ jẹrà, torí ibẹ̀ ni omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ń dúró sí. Bẹ́ǹṣì ńlá tí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, ẹ má fi igi tuntun so ó. Ẹ gé ìnṣì 3 kúrò nínú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di 12, ó di ti kíláàsì kìíní. Tábìlì rẹ̀ náà, ẹ gé ìnṣì 4 kúrò, 25 á di 21. Tuntun tí ẹ bá máa kàn, kíláàsì ńlá ni kẹ́ ẹ kàn án fún, kí ti wọn àtijọ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Kí gígé má baà mú kó máa ṣe gẹ̀lẹ̀gẹ̀lẹ̀, ẹ gbé bẹ́ǹṣì sórí símẹ́ńtì tó tẹ́jú, ẹ ti èèkàn igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tó bá gbé sókè títí kò fi ní mì mọ́, kẹ́ ẹ wá fi igi kékeré kan tó nípọn ìnṣì 3 gbé pẹ́ńsù lé, ẹ fà á yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ojú ìlà yẹn ni kẹ́ ẹ gé.

Ohun èlò fún bẹ́ǹṣì 10, oríkèé mẹ́jọ mẹ́jọ:

Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, lítà 1.
Igi 2×2 ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12, mẹ́ta. Bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan ń gba igi adagun méjì, ìnṣì 18 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé 2×2 ọjà kì í pé ìnṣì 2 lójú ìwọ̀n. Ẹ wọn èyí tẹ́ ẹ rà kẹ́ ẹ tó gé.
Síkúrù ìnṣì 3, ọgọ́rùn-ún kan. 80 ló máa wọlé, ìyókù á tẹ̀, á sọnù.
Igi líle fún èèkàn oríkèé. Àyín ló dára jù.
Sánpépà, okùn tó lágbára, òróró tàbí ọṣẹ díẹ̀ fún síkúrù, táyà àlòkù kan.

Bí iṣẹ́ ṣe lọ: a tú bẹ́ǹṣì sí wẹ́wẹ́. Ìṣó tí kò bá yọ, a gé e, a sì tì í gba ẹ̀yìn jáde. A ò fi òòlù fà á tipátipá torí ó máa ń mú èérún igi dání. A fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára ahọ́n igi àti inú ihò tí ahọ́n náà ń wọ̀. Ojú ibí ni kẹ́ ẹ ti ní sùúrù. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í wọ inú igi tí gọ́ọ̀mù àtijọ́, epo tàbí ìdọ̀tí ti dí ojú rẹ̀. Orí ìdọ̀tí ló máa lẹ̀ mọ́, ìdọ̀tí á ṣí, òun náà á bá a ṣí. Tí ahọ́n bá ti tín-ín-rín ju ihò lọ, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ sì fá a títí ó fi máa gba òòlù onígi díẹ̀ kó tó wọlé. Kò gbọdọ̀ yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ le débi tó máa la ẹsẹ̀.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ahọ́n àti inú ihò méjèèjì. Ẹni tí kò ní kíláǹpù lè fi okùn yí bẹ́ǹṣì po lẹ́ẹ̀mejì, kó ki igi kan bọ àárín okùn náà, kó máa lọ́ ọ títí oríkèé yóò fi pàdé, kó sì so igi náà mọ́ ibì kan kó má tú. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tú okùn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ lu ihò gba ẹsẹ̀ àti ahọ́n kọjá, kẹ́ ẹ sì gbá èèkàn àyín wọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù lè tú lọ́jọ́ tí òjò bá lù ú, ṣùgbọ́n èèkàn ò ní jẹ́ kí ahọ́n jáde.

Igi adagun ló kù: láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lọ sí abẹ́ ìjókòó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Síkúrù méjì ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìlu tó fẹ̀ tó mìlímítà 3 lu ọ̀nà fún síkúrù kẹ́ ẹ tó wé e, ẹ fi ọṣẹ ra á lára. Ìrókò tó ti gbẹ fún ọdún gbọọrọ máa la fún ẹni tó bá kánjú.

Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀: ẹ fi oògùn pákó kùn ún ní ìwọ̀n ìnṣì 4 sókè, lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ má fi kan ìjókòó tàbí ojú tábìlì. Májèlé ni, awọ ọmọ ló máa kàn. Bákan náà ni ọ́ìlì mọ́tò àlòkù tí àwọn kan ń lò: kì í gbẹ bọ̀rọ̀, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ló máa nù ún. Ẹ gé táyà ní ìwọ̀n ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, ẹ kan án mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó kékeré méjì tí orí wọn rì sínú rọ́bà. Ó gbé igi kúrò lórí ilẹ̀ tútù, ariwo kíláàsì sì dín kù lọ́nà tí ẹni tó ń kọ́ni nínú yàrá kejì máa mọ̀.

Àyẹ̀wò tí bàbá káfíńtà ń lò kò gba irinṣẹ́ kankan. Wọ́n á ní kí àgbà méjì jókòó, kí wọ́n máa ti ara wọn sọ́tùn-ún sósì. Bẹ́ǹṣì tó bá dún, kódà kó jẹ́ díẹ̀, ó padà sẹ́yìn.

Sátidé ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí wáyé, ní ọ̀nà ọ̀wẹ̀. Káfíńtà nìkan ló gba owó iṣẹ́. Àwọn bàbá ló ń tú, tí wọ́n ń ha, tí wọ́n ń gbé. Àwọn ìyá ọmọ kíláàsì tí bẹ́ǹṣì wọn wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà ló ń gbọ́ oúnjẹ. A rí i pé ó sàn kí a pín ọ̀wẹ̀ ní kíláàsì kíláàsì ju kí a ké sí gbogbo òbí lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn tó bá pọ̀ jù á dúró máa wòran, káfíńtà á sì máa dáhùn ìbéèrè dípò kó ṣiṣẹ́.

Ayẹyẹ ìparí ọdún (ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn sáà)

Ọjọ́ yìí ló máa ń ba bẹ́ǹṣì jẹ́ jù láàárín ọdún, ìdí nìyẹn tó fi wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Bẹ́ǹṣì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 jẹ́ ti ọmọ mẹ́ta, ìnṣì 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà méjì ló lè gbé. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, mẹ́rin ló máa ń jókòó lé e, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. A háyà àga rọ́bà fún àwọn àgbà àti àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, a tò wọ́n síwájú, bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn, tíṣà kan sì dúró tì í. Kò sí bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́.

Gbígbé jáde: ẹni méjì, ọ̀kan lórí kọ̀ọ̀kan, gbígbé ni, wíwọ́ kọ́. Wíwọ́ ló ń yọ ẹsẹ̀. A fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà kíláàsì sí abẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan kí ó lè mọ ilé rẹ̀, bíbẹ́ẹ̀ kọ́, ti kíláàsì kìíní máa sùn sí kíláàsì kẹfà. Ilẹ̀ pápá rọ̀ nítorí òjò àná, a sì ti da òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ kánópì kí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì má baà rì.

Ní ti ètò: jẹ́léósinmi àti kíláàsì kìíní ló kọ́kọ́ jó, tí wọ́n sì kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn, torí tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ti máa sùn. Èsì ìdánwò sáà mẹ́ta ni wọ́n ṣe àròpọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ipò ọmọ, ẹ̀bùn ọmọ tó ń wá sílé ìwé déédéé sì wà lọ́tọ̀, ohun tó yẹ kí gbogbo ilé ìwé máa ṣe. Àwọn òbí yan akápò PTA tuntun. Wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ owó àtúnṣe mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tó ń jáde fi ọ̀dà dúdú gálọ́ọ̀nù 2 ṣe ẹ̀bùn ìdágbére fún ilé ìwé, òun sì ni a fi ṣe iṣẹ́ tó kù.

Pátákó ìkọ̀wé (oṣù Kẹjọ)

Láyé àtijọ́, èédú ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ewé, tí àwọn ọmọ á fi pa pátákó. Kò léwu, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Èyí tó yẹ kó dópin ni dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Máńgánéésì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ àti ìmú ọmọ ló ń gbà á.

Ibi tí símẹ́ńtì ti là tàbí tó dún gbọ́ngbọ́n nígbà tí a kàn án, a gbẹ́ ẹ dé ibi tó le, a bu omi sí i dáadáa, a fi símẹ́ńtì 1 sí yanrìn kíkúnná 3 rẹ́ ẹ, a sì ń wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Tí ibi gbígbẹ bá fa omi inú símẹ́ńtì tuntun mu, á ṣí láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ọ̀dà tó kàn án, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ọ̀dà emulsion dúdú ni, kì í ṣe èyí tó ń dán. Ọ̀dà tó ń dán yọ̀, ṣọ́ọ̀kì ò ní rí ibi dì mú, ìmọ́lẹ̀ á sì máa tàn padà sójú ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ojú rẹ̀ lè ha díẹ̀, a po símẹ́ńtì funfun mọ́ ọn: ṣíbí ìjẹun 8 sí lítà kan. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ó ná kó má ní kókó, kẹ́ ẹ tó dà á sínú ọ̀dà. Èyí tẹ́ ẹ máa lò tán láàárín wákàtí kan ni kẹ́ ẹ pò, torí ó máa dì. Róólà ló dára jù. Búrọ́ọ̀ṣì máa ń fi ìlà sílẹ̀. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sánpépà 150 ra á, ẹ nu eruku, ẹ tún kùn ún. Pátákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 sí 4 gba nǹkan bíi lítà kan fún ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Gálọ́ọ̀nù kan àti àbọ̀ tó pátákó mẹ́fà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan sí i, ẹ dùbúlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì lórí pátákó, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa gbogbo ojú rẹ̀ funfun, ẹ sì nù ún kúrò. Pátákó tí wọn ò ṣe èyí fún, ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ á máa hàn lábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn rẹ̀.

Títò pamọ́ àti ohun tó kù

Bẹ́ǹṣì wà nínú kíláàsì méjì tó ní ìlẹ̀kùn, a gbé wọn lé bulọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ògiri. Ara ògiri ni ikán ń gbà gòkè. Tí àyè bá wà láàárín, ilé amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kọ́ á hàn sí ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́ńbà PTA kan tó ń gbé nítòsí ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ hẹdimíísì. Ẹni tó bá wá yá bẹ́ǹṣì fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó máa kọ orúkọ àti iye tó gbé sínú ìwé, ó sì máa fi owó ìdúró sílẹ̀ tí wọ́n máa dá padà fún un bí kò bá sí èyí tó ṣẹ́.

Èyí tí a kò tíì ṣe: gọ́tà òrùlé tó ń gba omi òjò lẹ́yìn kíláàsì kẹrin, tó já lójú méjì, ìlẹ̀kùn kíláàsì kẹta tí ìdè rẹ̀ ti jẹ, àti tábìlì mẹ́rin tí férémù wọn jẹ́ irin, tó ń dúró de wẹ́dà. Ti wẹ́dà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìwọlé, torí etí irin tó ṣẹ́ náà mú.